Ta Ló Ni Pápá Kírìjì?

Ní ìlú Franklin, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, ilé oúnjẹ Pizza Hut kan wà nígbà kan rí tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn sí. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1864 ni ogun abẹ́lé wọn gba ibẹ̀ kọjá, tí ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Patrick Cleburne sì kú sí tòsí ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi ń jẹ pizza níbẹ̀, tí wọ́n ń nu ẹnu, tí wọ́n ń bá tiwọn lọ. Nígbà tó di 2005, wọ́n wó ilé náà palẹ̀, wọ́n sì sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ọgbà ìrántí. Ẹni tó bá débẹ̀ báyìí, koríko ló máa bá. Owó gidi ni wọ́n ná kí koríko yẹn tó hù.

Ìtàn yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń sọ pé kí ìjọba, tàbí kí àwọn òyìnbó, wá fún wa lówó ìrànwọ́ ká fi tún pápá ogun Kírìjì ṣe. Koríko tiwa ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Igbó wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀, òkè àti àfonífojì wà níbẹ̀. Kò sí ilé oúnjẹ tí a fẹ́ wó. Kí wá ni a fẹ́ tún ṣe gan-an? Ohun tí ẹni tó fẹ́ fúnni lówó máa kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ kò sì rọrùn rárá.

Ẹ jẹ́ ká gba Òṣogbo bọ́ sí Iléṣà, ká ti Iléṣà gba Ìjẹ̀bú-Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀sà-Òkè lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Òkè ni gbogbo agbègbè náà. Ìgbájọ wà lókè tirẹ̀ lápá kan, Ìmẹ̀sí-Ilé wà lápá kejì, àfonífojì sì wà láàárín wọn. Apá Ìgbájọ ni Ìbàdàn tẹ̀dó sí, apá Ìmẹ̀sí ni àwọn Èkìtì Parapọ̀ pa bùdó tiwọn sí. Àfonífojì yẹn ni wọ́n ti ń pàdé ara wọn. Odò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fẹ̀jẹ̀bọ́jú. Orúkọ náà ti sọ ohun tí ojú rí, kò ku ohun tí akọ̀wé máa fi kún un.

Bí ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Èkìtì ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà. Iléṣà bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn ní 1870. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn wà káàkiri ìlú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń ṣe bó ṣe wù wọ́n sí aya olóko àti ewúrẹ́ onílé. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Fábùnmi pa Oyèpẹ̀tún tí í ṣe ajẹ́lẹ̀ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ bá di iná ọyẹ́. Àwọn Èkìtì, àwọn Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn para pọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe Ògèdèǹgbé Agbógungbórò láti wá ṣe olórí ogun. Ààrẹ Látòósà, tí í ṣe Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló kó Ìbàdàn wá. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹrú tó ti Sàró àti Bùràsíìlì padà wá, ló ń wá ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí wọ́n ń ki ọta bọ̀ láti ìdí. Ariwo tí ìbọn ń ṣe láàárín òkè wọ̀nyẹn ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì.

Látòósà kú sí bùdó ní 1885 láìrí ẹ̀yìn ogun. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà nígbà ìjọba Gómìnà Moloney ti Èkó. Àlùfáà méjì tó ti jẹ́ ìránṣẹ́ láàárín àwọn méjèèjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ti fẹsẹ̀ wọn na ojú ọ̀nà yẹn títí. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, àwọn aṣojú ìjọba Èkó, Henry Higgins àti Oliver Smith, gòkè lọ sí Kírìjì. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, wọ́n kéde àlàáfíà lójú pápá, àwọn ọmọ ogun méjèèjì kó ẹrù wọn, wọ́n sì dáná sun bùdó.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Bùdó Kírìjì kì í ṣe àgọ́ tí èèyàn ń nà lálẹ́ tí ó sì ń ká láàárọ̀. Ìlú ni. Ọdún lórí ọdún ni wọ́n fi gbé ibẹ̀. Wọ́n mọ ilé, wọ́n dáko yí ká, wọ́n ń ná ọjà, àwọn obìnrin ń bímọ níbẹ̀. Ìlú méjì tó dojú kọ ara wọn ni wọ́n sun nínú oṣù Kẹsàn-án yẹn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ sun ún kí ẹnikẹ́ni má lè sọ lọ́la pé òun ń padà síbùdó.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá gbé àwòrán wá pé òun fẹ́ fi owó ìrànwọ́ kọ́ bùdó Ògèdèǹgbé padà bó ti rí, kí àlejò lè wọ inú rẹ̀ kó ya fọ́tò, mo máa ń bi ara mi bóyá ó ka àdéhùn náà rárá. Ahoro yẹn ni ìbuwọ́lùwé wọn. Bùdó tó jóná ni ẹ̀rí pé wọ́n jáwọ́ nínú ogun. Ẹni tó bá fi símẹ́ǹtì àti páànù gbé e dìde, àlàáfíà 1886 ló ń tú ká, ì báà fi àsíá mẹ́wàá ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ná owó sórí irú nǹkan yìí jù ní àgbékalẹ̀ tó lè là wá lójú. Lábẹ́ National Park Service wọn, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní American Battlefield Protection Program, láti 1991. Oríṣi owó mẹ́rin ni ó ń pín: ọ̀kan fún ìwádìí àti ètò, ọ̀kan fún ríra ilẹ̀, ọ̀kan fún àtúnṣe, ọ̀kan fún sísọ ìtàn ibẹ̀ fún àlejò. Òfin 2019 ló fi méjì tó gbẹ̀yìn kún un. Ogun tí wọ́n jà lórí ilẹ̀ tiwọn nìkan ni owó náà wà fún, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni ní Ìmẹ̀sí-Ilé má wulẹ̀ jókòó ti fọ́ọ̀mù wọn. Ohun tó yẹ ká kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń ronú. Ọ̀rọ̀ àtúnṣe níbẹ̀ túmọ̀ sí pé kí ilẹ̀ padà sí bó ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n jà níbẹ̀: bí igbó bá ti hù níbi tó jẹ́ pápá, wọ́n gé e, bí ilé bá wà níbẹ̀, wọ́n wó o. Èyí yé mi fún ogun ọjọ́ kan. Kírìjì ńkọ́? Ọjọ́ wo nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni a fẹ́ dá ilẹ̀ padà sí? Ọjọ́ tí ìbọn ń dún ni, àbí ọjọ́ tí èéfín bùdó gba ojú ọ̀run?

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa ní Òṣogbo gbọ́ nípa owó Amẹ́ríkà yẹn. Èkínní, owó tí wọ́n fi ń ra ilẹ̀ ojú ogun, láti inú àpò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 ló ti ń jáde, tí wọ́n ń pè ní Land and Water Conservation Fund, owó epo rọ̀bì àti gáàsì tí wọ́n ń wà lábẹ́ òkun sì ni wọ́n ń dà sínú àpò náà. Owó epo! Àwa náà ń wa epo. Èkejì, wọn kì í fúnni lówó ríra ilẹ̀ tàbí owó àtúnṣe láìjẹ́ pé ẹni tó ń gbà á fi dọ́là tirẹ̀ lé dọ́là tiwọn. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ. Owó ìwádìí nìkan ni wọn kì í bèèrè irú èyí lórí rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò tíì mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí kò lè rí ẹni bá a dá owó.

Èyí gan-an ló ń ṣe wá. Ta ló ni pápá Kírìjì? Ìgbájọ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró. Ìmẹ̀sí-Ilé wà lábẹ́ Ọbókun. Òkè-Ìmẹ̀sí tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ọ̀ṣun di ìpínlẹ̀ ní 1991, Èkìtì ní 1996, tó fi jẹ́ pé ààlà tí ìjọba ológun fà ti gba àárín ìtàn kan ṣoṣo kọjá. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹbí tó gbin kòkó sí ibi tí bàbá ńlá wọn fi lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ wo ojú tí wọ́n máa fi wò yín. Bí owó bá dé lónìí, gómìnà méjì, ìjọba ìbílẹ̀ bíi mẹ́ta, ọba tí wọn kò kéré níye àti àwọn olórí ẹbí ló máa na ọwọ́ sí i. Kí á má tilẹ̀ ka àwọn tó máa ń yọ bí ẹní yọ láti Àbújá.

Ohun tó sì jọ mí lójú nínú àdéhùn 1886 ni pé ó ti gbìyànjú láti dáhùn irú ìbéèrè yìí. Ó ní kí Ọ̀tàn, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ wà níbẹ̀ nínú àwọn ará ìlú wọ̀nyẹn lè kúrò, kó lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn tó ti ń yìnbọn lu ara wọn láti ọdún dé ọdún jókòó, wọ́n dárúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ ẹni tó ni í. Àwa tí a kò yìnbọn lu ẹnikẹ́ni kò tíì fi èèkàn mẹ́rin sí ilẹ̀ pápá náà.

Òfin tó lè ràn wá lọ́wọ́ wà. Láti 1979 ni òfin ti gbé National Commission for Museums and Monuments kalẹ̀, ó sì la ọ̀nà tí ilẹ̀ tàbí ilé lè gbà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wa ilẹ̀ fún nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ. Ìjọba àpapọ̀ kan náà ti ná owó lórí ìrántí ogun rí: National War Museum tó wà ní Umuahia, lórí ogun Biafra, ti ṣílẹ̀kùn láti 1985. Ọkọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, ọkọ̀ ogun wà níbẹ̀, ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé kì í ṣe pé Nàìjíríà kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ojú ogun. Ogun tó bá ní irin ńlá tí a lè tò sílẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe fún. Kírìjì kò ní ọkọ̀ òfuurufú. Òkè ló ní.

Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ìparun lọ́dọ̀ wa, Òṣogbo ni kí ẹ wò. Ogun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí 1840, tí Ọdẹ́rìnlọ́, Balógun Ìbàdàn, fi lé àwọn ọmọ ogun Ìlọrin padà, ni àwọn òpìtàn ń tọ́ka sí pé ó dá ogun Fúlàní dúró kí ó má wọ gúúsù. Níbo ni pápá ogun náà wà lónìí? Ìlú ti bò ó. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù àti títì ló wà níbẹ̀. Ibi kan tó ṣì dúró tí ìtàn ogun náà wà nínú rẹ̀ ni igbó Ọ̀ṣun, tí wọ́n ní òrìṣà fúnra rẹ̀ pa ara dà di alátẹ, tó ta ẹ̀fọ́ olóró fún àwọn ọmọ ogun Ìlọrin títí inú fi ń run wọ́n. Igbó yẹn di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ilẹ̀ bíi hẹ́kítà 75 ni. Ìjọsìn ló kọ́kọ́ dá a sí, lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ ọnà Susanne Wenger àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ni òfin. Owó òkèèrè ló dé gbẹ̀yìn. Ojúbọ Busanyin tó wà nínú igbó náà wà lára ohun tí owó ìjọba Amẹ́ríkà, Ambassadors Fund for Cultural Preservation, ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Adunni Olorisha Trust sì wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ kíyè sí i: nígbà tí owó yẹn dé, ààlà ti wà, orúkọ ti wà, ẹni tó máa gba owó kó sì jíṣẹ́ bó ṣe ná an ti wà.

Ìkìrun tí ogun Jálumi ti wáyé ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1878 kò ní ìkankan nínú mẹ́ta yẹn. Odò Ọtìn tí àwọn tó ń sá já lù ṣì ń ṣàn lọ.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, àwọn kan sì kọ́ ọ lódì. Ethiopia kọ́ ilé ìrántí ńlá kan fún ogun Adwa, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ilé náà rẹwà, ogun náà sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí Adwa ni Menelik ti ṣẹ́gun Ítálì ní 1896. Àmọ́ Addis Ababa ni wọ́n kọ́ ọ sí. Adwa wà lókè lọ́hùn-ún ní Tigray. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún Kírìjì gan-an nìyẹn: kí owó dé, kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn sí Òṣogbo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọba, kí ará Ìmẹ̀sí-Ilé wá máa wọkọ̀ lọ wo ogun tó jà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ní Gúúsù Áfíríkà, ní pápá Isandlwana, àwọn Zulu ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 1879, ní àkókò kan náà tí ogun tiwa ń gbóná bọ̀. Òkúta funfun ni wọ́n kó jọ síbi tí wọ́n sin àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sí, ó ń tàn lórí koríko. Àwọn Zulu tó ṣẹ́gun tí wọ́n sì kú níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ kò ní ohun ìrántí tiwọn títí di 1999. Ẹ̀gbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kò lè ṣàlàyé èyí ju bí àwọn òkúta yẹn ṣe ṣe é lọ. Bí a bá máa sàmì sí Kírìjì, kí àwọn òkú Ìbàdàn má ṣe jẹ́ òkú tí a gbàgbé sílẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ àwọn ẹlòmíì ni wọ́n kú sí. Àti pé, kí n sọ ọ́ bó ti rí: kí Ìbàdàn náà dá owó. Ogun tiwọn náà ni, wọ́n sì lówó jù wá lọ.

Àwọn tó wà nítòsí tó lè ṣe iṣẹ́ náà kò jìnnà. College of Technology wà ní Ẹ̀sà-Òkè. Ìgbájọ ní Polytechnic. Yunifásítì Ọ̀ṣun wà, ti Iléṣà ti wà láti 2022, OAU sì wà ní Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé. TETFund tí ìjọba àpapọ̀ ń fi owó orí ilé-iṣẹ́ gbé dúró ń fún àwọn olùkọ́ yunifásítì lówó ìwádìí. Owó yẹn ni mo rò pé ó yẹ ká kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ti ère. A ní ère tó pọ̀. Kò sí oríta kan ní Iléṣà tí ẹ kò lè rí ẹni tó fẹ́ gbé ère sí.

Owó kékeré tí mò ń sọ yìí, ohun tó máa ṣe ni kí ó san owó fún àwọn ọ̀dọ́ Ìmẹ̀sí, Ìgbájọ àti Òkè-Ìmẹ̀sí láti bá àgbà rìn. Àgbà á tọ́ka, ọmọ á fi fóònù mú ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà. Ibi tí ògiri bùdó gbà, ibi tí yàrà wà, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, ibi tí àwọn àgbẹ̀ máa ń rí ọta ìbọn lójú ebè. Onísáféyọ̀ á tẹ̀lé wọn, amòye ìṣẹ̀ǹbáyé á tẹ̀lé onísáféyọ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹbí tó ni oko á jókòó pẹ̀lú àwọn ọba, tí wọ́n á fọwọ́ síwèé pé kòkó lè wà níbẹ̀ kí ẹni tó gbìn ín sì máa kó èso rẹ̀, ṣùgbọ́n kí katakata má ṣe wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn awakùsà wúrà ti fi ilẹ̀ ṣe ní apá Ìgún àti Ìtagúnmọ́dì kò ní sọ pé ẹ̀rù yìí kò tọ́. Kòtò kan péré, ọ̀sẹ̀ kan péré, ohun tí iná 1886 kò jó tán á sì tán.

Samuel Johnson kọ ìtàn ogun wọ̀nyí tán ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, wọ́n sọ ìwé náà nù. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì jáde ní 1921. Ìwé tó bá sọnù, bí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá kù, wọ́n lè tún un kọ. Pápá kò ní ẹ̀dà kejì.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n ń ṣèrántí. Òjò ń rọ̀ nígbà yẹn, igbó ti ga ju èèyàn lọ, òkè ń yọ̀. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ló dára, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ koríko, tí ewé ti wọ́, tí ògiri tó wó lulẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́ máa ń hàn díẹ̀ lórí ilẹ̀ bí egungun ẹ̀yìn màlúù. Kí àwọn àgbà tó mọ̀nà sì tún lè gòkè.